Kí ló dé tí òkè tí yìnyín bò ní oṣù Kẹta fi gbẹ kí oṣù Kẹfà tó parí?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ Ìwó ni mí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń kàwé báyìí. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní Owyhee ni wọ́n ní kí n máa mójú tó, kí n máa wo koríko tí màlúù ń jẹ níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ilẹ̀ ibẹ̀ ní ilẹ̀ náà 'shallow', ìyẹn ni pé kò jìn, ó 'well drained', ìyẹn ni pé omi ń fà kúrò nínú rẹ̀ dáadáa, òtútù rẹ̀ sì pọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀ ní oṣù Kẹta, ẹrẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Kí oṣù Kẹfà tó parí, koríko ti gbẹ, ilẹ̀ ti le gbagidi. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú ìwé àti ojú mi? Àbí ilẹ̀ tí kò dáa ni wọ́n gbé fún mi?"

Àbúrò mi, o kú òtútù o. Ìwé yẹn kò purọ́ fún ọ, ojú rẹ náà kò sì tàn ọ́. Ìbéèrè kan ni ìwé náà ń dáhùn, ìbéèrè mìíràn ni ìwọ ń bi í. "Well drained" ń sọ bí omi ṣe ń kúrò nínú ilẹ̀. Kò sọ iye omi tí ilẹ̀ lè fi pamọ́ fún koríko. Bí ilẹ̀ ṣe jìn sí ló ń sọ ìyẹn, pẹ̀lú iye òkúta tó wà nínú rẹ̀. Òtútù ló wá ń pinnu ìgbà tí omi náà máa wúlò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kódà àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ dáadáa.

Jẹ́ ká mú omi fífà ṣáájú. NRCS, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ ilẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, ní ìsọ̀rí méje tó ń pín ilẹ̀ sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìpẹ̀kun kan ni ilẹ̀ tí omi ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá, ìpẹ̀kun kejì ni àbàtà. Ẹ̀kẹta láti ìhà gbígbẹ ni "well drained". Ẹni tó fẹ́ fi ilẹ̀ sí ìsọ̀rí kì í wo ẹrẹ̀ tó wà lókè, inú ihò tó bá gbẹ́ síbẹ̀ ló ń wò. Ibi tí omi bá ti dúró pẹ́ nínú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á tán níbẹ̀, irin inú erùpẹ̀ á sì yí padà: apá kan á di aláwọ̀ eérú, apá kan á ní àmì pupa irin tó dógùn-ún. Bu ìṣù erùpẹ̀ kan láti ìsàlẹ̀ ihò rẹ, fi ọwọ́ là á sí méjì nígbà tó ṣì rin, kí o wo ojú ibi tó ti là. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá dọ́gba, tí kò sí àmì eérú, tí kò sí àmì pupa, omi kì í pẹ́ níbẹ̀ débi tó máa fún gbòǹgbò lọ́rùn. Ohun tí ìwé ń sọ nìyẹn.

Ẹrẹ̀ oṣù Kẹta wá ńkọ́? Láti òkè ni ilẹ̀ dídì ti máa ń kọ́kọ́ yọ́. Oòrùn á mú sẹ̀ǹtímítà mélòó kan rọ̀, nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì dì pa. Omi yìnyín tó ń yọ́ á wọ inú ibi tó rọ̀ yẹn, kò ní rí ọ̀nà lọ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìsàlẹ̀ bá yọ́ tán, ẹrẹ̀ á fà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, omi yìnyín lè ju ohun tí ilẹ̀ lè gbà lọ, wàá sì rí i tó ń ṣẹ́ jáde níbi tí àpáta ti yọrí ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Ìyẹn náà kò sọ ọ́ di ilẹ̀ àbàtà, nítorí kò ní pẹ́ tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìjìn. "Shallow" nínú ìwé wọn kì í ṣe àfojúdá: ó túmọ̀ sí pé láàárín 25 sí 50 sẹ̀ǹtímítà ni wàá ti kan àpáta. Ilẹ̀ tí wọ́n ń kà sí èyí tó jìn gan-an ju 150 lọ. Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní tìrẹ jìn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ òkúta. Ìdajì kì í ṣe àsọdùn ní irú ibẹ̀. Ilẹ̀ tí òkúta bá ti tó 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n ń kọ "skeletal" sí lára, ọ̀rọ̀ yẹn sì wọ́pọ̀ nínú ìwé ilẹ̀ òkè Owyhee. Ohun tó kù fún gbòǹgbò kò ju 20 sẹ̀ǹtímítà erùpẹ̀ lọ. Erùpẹ̀ tí yanrìn, amọ̀ àti lẹ́búlẹ́bú dà pọ̀ nínú rẹ̀ lè tọ́jú nǹkan bíi 1.7 mìlímítà omi tó wúlò fún koríko sínú sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. 20 lọ́nà 1.7 jẹ́ 34 mìlímítà. Gbogbo omi tí ilẹ̀ rẹ ní láti fún koríko nìyẹn, lọ́jọ́ tó bá kún dẹ́nu.

Tí oòrùn, afẹ́fẹ́ àti koríko bá ń gbé mìlímítà 3 lójúmọ́ ní oṣù Kẹfà tí òjò kò rọ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ni 34 yẹn máa gbé e dé. Ilẹ̀ àfonífojì ìsàlẹ̀ òkè náà, tó jìn tó 150 sẹ̀ǹtímítà tí kò sì ní òkúta, á gba 255 mìlímítà, ìyẹn á sì gbé e dé ọjọ́ 85. Yìnyín kan náà ló bọ́ sórí àwọn méjèèjì. Ike tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ: bí òjò ṣe lè pọ̀ tó, ohun tí ike gbà náà ló gbà. Nítorí náà, má ṣe fi iye òjò ọdún díwọ̀n ohun tí òkè yẹn lè hù. Omi tí kò ríbi dúró ti lọ bá odò kó tó di pé ojú ọjọ́ móoru tó fún koríko láti lò ó.

Ìwọ fúnra rẹ gbẹ́ ihò kan, kó o sì fara balẹ̀ gbẹ́ ẹ, torí ihò máa kọ́ ọ ju ìwé lọ. Ṣọ́bìrì á wọlé wẹ́rẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Erùpẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń tú, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé tí o bá gbé ìṣù kan sókè, gbòǹgbò ló dì í mú tí kò fi fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣọ́bìrì á bẹ̀rẹ̀ sí kan òkúta, wàá ní láti gbé e sílẹ̀ kí o mú ọ̀pá irin. Erùpẹ̀ tó wà láàárín òkúta á máa pọ́n díẹ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Fi omi díẹ̀ rẹ ẹ́, pò ó, kí o wá máa fi àtàǹpàkò tì í gba orí ìka ìfábẹ̀lá kó yọ bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ kó tó já, amọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí kò bá tó 2.5 tó fi já, amọ̀ rẹ̀ kéré. Wo ara àwọn òkúta náà: tí o bá rí amọ̀ fẹ́lẹ́ tó ń dán lára wọn, omi ló gbé e wá láti òkè, iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sì ni.

Nígbà tí o bá dórí àpáta, dúró wo gbòǹgbò. Gbòǹgbò koríko tó ń bọ̀ tààrà láti òkè á yí padà síbẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á lọ́ mọ́ra wọn lórí àpáta. Níbi tí àpáta bá ti là, wàá rí àwọn kan tó wọnú rẹ̀ lọ. Ti sagebrush, igi kúkúrú tó wọ́pọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ ibẹ̀, ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú wọn, torí gbòǹgbò rẹ̀ le, ó sì ń lọ jìnnà. Omi tó wà nínú ìlà àpáta yẹn kò sí nínú 34 tí a ṣírò, òun ló sì ń gbé igi yẹn kọjá oṣù Keje nígbà tí koríko ti sùn. Torí náà, fi ọ̀pá irin lu àpáta náà kí o gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó le, tó ń dún, tí kò jẹ́ kí ọ̀pá wọlé, ohun kan ni. Èyí tó ti rà, tí ṣọ́bìrì lè ha, ohun mìíràn ni. Ìwé rẹ á ti pe àkọ́kọ́ ní "lithic", á pe èkejì ní "paralithic". Má ṣe fo ọ̀rọ̀ yẹn tí o bá ń kà á.

Àpáta Owyhee fúnra rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Basalt àti rhyolite tí iná inú ilẹ̀ tú jáde láyé àtijọ́ ló pọ̀, granite sì wà láwọn ibì kan. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tó wà lókè kì í ṣe ọmọ àpáta yẹn nìkan. Afẹ́fẹ́ ti ń gbé lẹ́búlẹ́bú wá sórí òkè wọ̀nyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí òkè Mazama ní Oregon bú gbàù ní nǹkan bí 7,700 ọdún sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ sì wó di adágún tí wọ́n ń pè ní Crater Lake lónìí, eérú rẹ̀ tàn káàkiri àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí o fi lè rí erùpẹ̀ tó kúnná lórí àpáta tó gbó ṣáṣá, kí o sì máa wò ó pé báwo ni èyí ṣe di ti èyí.

Níwọ̀n bí ilẹ̀ kò ti lè fi omi púpọ̀ pamọ́, yìnyín ló ń bá a fi pamọ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe ń kà á sí lọ. Afẹ́fẹ́ ń gbá yìnyín kúrò lórí góńgó òkè, ó ń kó o jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti dé. Orí góńgó á wà lásán láàárín òtútù, ẹ̀yìn rẹ̀ á ní òkìtì yìnyín tó ga ju ènìyàn lọ, tí á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ wọ inú oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà. Ìdí rẹ̀ rèé tí wàá fi rí igi aspen tútù yọ̀yọ̀ lábẹ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀, tí ibi tí kò jìnnà sí i lókè kò sì ní ju sagebrush kúkúrú tí kò dé orúnkún lọ. Ìjìn ilẹ̀ wọn lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Yìnyín ló ya wọ́n.

Ní Reynolds Creek, lórí òkè Owyhee kan náà yẹn, àwọn onímọ̀ ìjọba àpapọ̀ ti ń wọn òjò, yìnyín àti odò láti 1960 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 239 kìlómítà níbùú lóròó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga tó 1,100 mítà, òkè rẹ̀ sì lé ní 2,200. Ohun tí wọ́n ti rí láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni pé ojú ọjọ́ ń móoru sí i, àti pé ní àwọn ibi tó rẹlẹ̀, ìpín tó ń bọ́ ní yìnyín ń dínkù, èyí tó ń rọ̀ ní òjò ń pọ̀ sí i. Ilẹ̀ tó jìn lè fara da ìyẹn, torí á gba òjò oṣù Kíní pamọ́ títí di oṣù Karùn-ún. Tìrẹ kò lè ṣe é. Òjò tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó ti kún ní oṣù Kíní ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìbá ti wà lórí ilẹ̀ ní yìnyín títí di oṣù Kẹrin. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára, nítorí àwọn òkè tí ilẹ̀ wọn kò jìn ni ìyà náà máa kọ́kọ́ jẹ, orí wọn sì ni ẹran àti ẹyẹ púpọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ó kan òtútù. Òun náà ní ìwọ̀n. Ìjìn 50 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ti ń wọn bí ilẹ̀ ṣe móoru tó. Níbi tí àpáta bá ti ṣáájú 50, orí àpáta ni wọ́n á ti wọ̀n ọ́. Ilẹ̀ tí ìpíndọ́gba rẹ̀ láàárín ọdún kò bá tó 8°C, tó sì ń móoru níwọ̀nba nígbà ooru, ni wọ́n ń pè ní "frigid". Èyí tó sábà máa ń wà níbi tó ga ju ibẹ̀ lọ, tí ìgbà ooru pàápàá kì í mú móoru, ni "cryic". Ní Ìwó tìrẹ, ilẹ̀ tó wà ní ìjìn yẹn máa ń ju 22°C lọ yípo ọdún, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà kan sí ìkejì kò sì tó 6°C. Ìyàtọ̀ yẹn ló fà á tí ilẹ̀ méjèèjì kò fi jọra rárá, kódà ká ní orí àpáta kan náà ni wọ́n ti jáde.

Nílé, kòkòrò tí ojú kò lè rí inú ilẹ̀ kì í sinmi. Ewé tó bọ́ kì í pẹ́ jẹrà, òjò á sì máa fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò lè dé. Ní Owyhee, òtútù kò jẹ́ kí kòkòrò wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì móoru tán, ó ti gbẹ, wọ́n á tún dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ìrúwé àti díẹ̀ nígbà ìkórè ni tiwọn. Gbòǹgbò koríko tó ń kú lọ́dọọdún kì í jẹrà tán, òun ló ń sọ òkè ilẹ̀ di dúdú. Òjò ibẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti fọ kálísíọ́mù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ilẹ̀ tí kò jìn yìí kò tálákà. Ìwọ̀nba erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́ràá ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jíjìn tí òjò ti ń fọ̀ láti ayébáyé ní apá ọ̀dọ̀ wa. Omi àti àkókò ni kò ní. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ kejì nìyẹn: ilẹ̀ dáadáa ni wọ́n gbé fún ọ, àmọ́ kò ní ohun tó máa fi tún ara rẹ̀ ṣe tí wọ́n bá bà á jẹ́.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Omi inú ilẹ̀ tó ń dì máa ń wú, tó bá sì yọ́, erùpẹ̀ á padà sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóru lọ́sàn-án nígbà ìrúwé, ó ń ti òkúta wá sókè, ó sì ń hú irúgbìn kékeré tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì mú ilẹ̀. O máa bá wọn lórí ilẹ̀ láàárọ̀, gbòǹgbò wọn wà níta. Tí òjò bá wá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún omi tó sì ti dì, kò sí ihò kankan tí omi máa bá wọlé. Á gba ojú ilẹ̀ lọ sódò, á sì kó erùpẹ̀ dání. NRCS ní òṣùwọ̀n fún iye erùpẹ̀ tí ilẹ̀ lè pàdánù lọ́dún kí agbára rẹ̀ má bàa dínkù. Ilẹ̀ tó jìn lè pàdánù tọ́ọ̀nù 5 lórí éékà kan. Èyí tí kò jìn tó wà lórí àpáta, tọ́ọ̀nù 1 ni. Sẹ̀ǹtímítà 5 tó bá lọ nínú 40 rẹ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ, erùpẹ̀ dúdú tó lọ́ràá jù sì ni.

Ìhà tí òkè kọjú sí tún wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí gúúsù ń gba oòrùn ju èyí tó kọjú sí àríwá lọ, yìnyín rẹ̀ ń tètè yọ́, ó ń dì ó ń yọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, koríko rẹ̀ ń fọ́nká. Ẹ̀gbẹ́ àríwá ń pa yìnyín mọ́ pẹ́, erùpẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń dúdú, ó sì sábà máa ń jìn ju ti ìkejì lọ.

Koríko tó wà níbẹ̀ lè sọ ohun púpọ̀ fún ọ kí o tó gbẹ́ ihò rárá. Níbi tí o bá ti rí sagebrush kúkúrú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Artemisia arbuscula, fura pé àpáta tàbí amọ̀ líle kò jìnnà. Níbi tí sagebrush ńlá orí òkè bá ti gba ipò rẹ̀, ilẹ̀ ti ń jìn sí i nìyẹn. Láàárín wọn, Sandberg bluegrass ló máa kọ́kọ́ rú. Gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, omi àkọ́kọ́ ló ń mu, á sì ti gbẹ kí àwọn yòókù tó dàgbà tán. Tí òun ló bá pọ̀ jù nínú koríko tí o rí tó gbẹ, ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe. Idaho fescue fẹ́ràn ibi tó tutù, pàápàá ẹ̀gbẹ́ àríwá. Bluebunch wheatgrass ló ga jù, òun sì ni màlúù ń wá.

Orí bluebunch yìí ni mo ti fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ̀rọ̀ sókè fún ẹni tó ni màlúù. Ìgbà kan wà ní òpin ìrúwé tí orí koríko náà ṣì wà nínú ọ̀pá rẹ̀, tó wú, tí kò tíì yọ. Tí màlúù bá gé e nígbà yẹn, ibi tó ti ń dàgbà ló gé, koríko sì ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ní ilẹ̀ jíjìn, omi ṣì wà tó lè fi bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ rẹ, ọjọ́ mọ́kànlá ló kù, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò ní rí omi fi wú padà, á wọ inú òtútù láìní oúnjẹ nínú gbòǹgbò. Tí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan tẹ̀lé òmíràn, bluebunch á dínkù, ojú ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Kí wọ́n máa yí àkókò padà: lọ́dún kan kí wọ́n wọlé lẹ́yìn tí koríko bá ti gbó tó sì ti so, lọ́dún mìíràn kí wọ́n wọlé ní kùtùkùtù lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ ti fà, kí wọ́n sì tètè jáde nígbà tí ilẹ̀ ṣì rin. Kí màlúù má ṣe tẹ ẹrẹ̀ oṣù Kẹta mọ́lẹ̀ rárá, torí pátákò ẹran á di ihò wẹ́wẹ́ inú erùpẹ̀ pa, erùpẹ̀ yẹn kò sì pọ̀.

Má gbàgbé pé màlúù kì í fẹ́ gun òkè. Àwọn tó ń ṣírò iye ẹran tí ilẹ̀ lè bọ́ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí ibi tí ìdàgẹ̀rẹ́ rẹ̀ wà láàárín 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń yọ ìdá 60 kúrò lórí èyí tó wà láàárín 31 sí 60, wọn kì í sì í ka ibi tó ju 60 lọ mọ́ ilẹ̀ ìjẹko. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé màlúù á fi ẹ̀gbẹ́ òkè sílẹ̀, wọ́n á kóra jọ sí etí omi àti orí góńgó tó tẹ́, góńgó yẹn gan-an sì ni ilẹ̀ rẹ̀ kì í jìn. Gbígbé iyọ̀ síbi tó jìnnà sí omi, lórí ilẹ̀ tó jìn, máa ń tú wọn ká.

Ojú ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ni cheatgrass, koríko àjèjì kan, ń dúró dè. Láti Yúróòpù àti Éṣíà ló ti dé Amẹ́ríkà. Ìgbà ìkórè ló ń hù, á ti ní gbòǹgbò kí koríko ilẹ̀ náà tó jí, á mu omi ìrúwé tán, á gbẹ, á wá di ohun tí iná ń wá. Òtútù ilẹ̀ rẹ ń bá ọ jà á, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ àríwá àti níbi tó ga. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù tó rẹlẹ̀ ni kí o máa ṣọ́. Lórí ilẹ̀ tí kò jìn, koríko fọ́nká, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà kọjá. Ìdí nìyẹn tí o fi lè rí igi juniper tó ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láàárín àpáta. Tí cheatgrass bá dí àlàfo yẹn, iná á dé ibi tí kò dé rí. Sagebrush kúkúrú kì í sì í rú padà láti ìdí tó bá ti jóná; irúgbìn nìkan ló lè dá a padà. Ẹ̀rọ ìgbìn kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí òkúta, torí náà, àtúntò irú ibẹ̀ le gan-an. Ṣọ́ èyí tó wà.

Ohun kan tó kù ni orúkọ ilẹ̀ tó wà lórí máàpù rẹ. Orúkọ ìlú tàbí ibi kan ni wọ́n máa ń fún irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe fi Ìwó, Ẹgbẹ́dá àti Oǹdó pe ilẹ̀ tiwa nígbà tí wọ́n yẹ ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wò, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1962. Ilẹ̀ Ìwó kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tó wà ní Ìwó, o mọ ìyẹn. Bákan náà, orúkọ tó wà lórí òkè rẹ ń sọ ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ilẹ̀ mìíràn lè wà láàárín rẹ̀ tí máàpù kò lè yà sọ́tọ̀ torí ó kéré. Nítorí náà, gbẹ́ ihò mẹ́ta kí oṣù Karùn-ún tó parí: ọ̀kan lórí góńgó, ọ̀kan ní àárín ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀kan ní ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ìjìn tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, iye òkúta tí o fojú díwọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, bóyá àpáta náà là tàbí kò là, ibi tí gbòǹgbò parí sí, àti bóyá o rí àmì pupa irin. Ṣe ìṣirò 34 yẹn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tìrẹ. Lẹ́yìn náà, padà síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù Kẹfà, kí o kọ ọjọ́ tí bluebunch bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n ní ibi kọ̀ọ̀kan. Fi àwòrán àwọn ihò náà ránṣẹ́ sí mi, kí o gbé òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà dúró sínú wọn kí o tó yà á, n ó sì bá ọ wò wọ́n.